Ọmọ Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Jí: Ṣé Kí Ó Fo Kíláàsì?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀yáwó owó ilé-ìwé a máa pọ̀. Àwọn kan a sì sọ pé, "Akọ̀wé, ọlọ́pọlọ lọmọ mi o, mo fẹ́ kí ó fo Pírámárì 6." Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù.

Ọmọ ọdún márùn-ún tí ń ka ìwé ìròyìn lè jẹ́ ẹni tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ nílé. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n òye àrà ọ̀tọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa béèrè ìdí ohun gbogbo. A tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀ láti mọ ohun tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ ń da tíṣà láàmú, torí iṣẹ́ kíláàsì ti sú u.

Ẹ wo ibi tí fífò ń gbé ọmọ lọ. Ọdún 16 ni JAMB ń béèrè kí ọmọ tó wọ yunifásítì, àfi èyí tó bá ta yọ gidi. Ní 2025, àwọn 41,027 tí kò tó ọdún náà ló jókòó dánwò. 599 péré ló gba máàkì 320 tí wọ́n là sílẹ̀. Kí làwọn yòókù fò sí?

Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún ọmọ olóye àrà ọ̀tọ̀ ní 1986, ìyẹn Federal Government Academy, Suleja. NECO ló ń ṣe ìdánwò ìwọlé rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ bá dá lójú, kí ó kọ́kọ́ bi ọ̀gá ilé-ìwé léèrè nípa ìdánwò náà, kí ó tó wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ́wọ́ mi.