Iléeṣẹ́ ńlá ń fikùn lukùn kí owó iná lè dín kù, oníṣẹ́ kékeré ńkọ́?

Kò sí oníṣòwò tí kò mọ bí owó iná ṣe ń jẹ èrè ẹni. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná, fowó kún iná àwọn oníbàárà Band A lóṣù kẹrin, ọdún 2024, ńṣe ni yúníìtì kan fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225.

Ká má rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra o. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Jámánì náà ń ráhùn owó iná. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà pé àgbájọ ọwọ́ la fi í sọ̀yà.

Ìlú Zurich, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987. Ó dé agbègbè Hohenlohe ní Jámánì lọ́dún 2002. Nígbà tó di oṣù kejìlá, ọdún 2014, ìjọba Jámánì àti àwọn ẹgbẹ́ oníléeṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn fẹ́ kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó 500 kí ọdún 2020 tó parí. Kò sí òfin tó fipá mú ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Iléeṣẹ́ bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ládùúgbò kan yóò para pọ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ yẹ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò, kó lè mọ ibi tí iná ti ń ṣòfò. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fẹnu kò lórí iye tí gbogbo wọn fẹ́ dín kù. Wọ́n ń pàdé bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan sí òmíràn. Kálukú yóò sọ ohun tó ṣe, iye tó ná lé e lórí àti ibi tó ti kọsẹ̀.

Ṣé wọn ò bẹ̀rù kí ẹlòmíì jí àṣírí iṣẹ́ wọn ni? Púpọ̀ wọn kì í ṣe irú ọjà kan náà. Ẹni tó ń ṣe bíríkì kì í bá ẹni tó ń ṣe wàrà du oníbàárà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ń lo mọ́tò iná, bọ́ílà àti kọ́ńpírẹ́sọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ńpírẹ́sọ̀ yìí wò. Àwọn onímọ̀ ní ibi tí wọn kì í bá ti í tún un ṣe dáadáa, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó ń fún lè máa gba ojú ihò jáde. Iná tàbí dísù ló sì fún afẹ́fẹ́ náà. Àwọn fọkanáísà wa mọ oògùn rẹ̀: omi ọṣẹ. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, alágbẹ̀dẹ irin, ẹ̀yin tó ń kun ọkọ̀ àtẹ̀yin tó ń ta ẹja tútù, ẹ ò nílò àdéhùn ìjọba kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ládùúgbò yín. Kí kálukú kọ iye tí mítà rẹ̀ kà àti epo tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ jó lọ́sẹ̀ sílẹ̀. Lóṣooṣù, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, kẹ́ ẹ jọ yẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ojú àlejò a máa rí ohun tó ti mọ́ onílé lára.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tilẹ̀kùn lálẹ́ òní, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá wo mítà. Bó bá ṣì ń kà, nǹkan kan ṣì ń jẹ owó yín.