Àga Harlem ní Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà

Nínú àwọn ẹkùn ìdìbò 435 tí a pín ilẹ̀ Amẹ́ríkà sí, kí olúkúlùkù wọn lè rán aṣojú kan lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington, èyí tí ó pọ̀ jù ni a ti máa ń mọ ẹni tí yóò wọlé níbẹ̀ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ọdún méjì méjì ni wọ́n ń dìbò náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bá tẹ̀lé ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì máa ń ju 90 lọ nínú 100 àwọn aṣojú tí wọ́n tún jáde tí wọ́n ń padà sórí àga wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo irú ẹkùn bẹ́ẹ̀, èmi kò mọ èyí tí ìtàn rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ tó ti Harlem, ní apá òkè erékùṣù Manhattan ní ìlú New York, níbi tí ó ti jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ni ó jókòó lórí àga náà láti oṣù kìn-ín-ní 1945 títí di ìparí 2025.

Adam Clayton Powell kékeré ni ẹni àkọ́kọ́: ọmọ pásítọ̀ tí òun náà di pásítọ̀ ìjọ Abyssinian Baptist lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní 1937, arẹwà ọkùnrin, sọ̀rọ̀-kí-ayé-gbọ́, tí ó ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú New York ní 1941. Nígbà tí wọ́n tún ààlà àwọn ẹkùn fà fún ìdìbò 1944, tí Harlem di odindi ẹkùn fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ Dẹmókírátì fà á kalẹ̀, ẹgbẹ́ Rìpọ́bílíkánì náà fà á kalẹ̀, ó sì di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ New York rán lọ sí Ilé náà. A kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbé adìẹ. Ọdún dé, ọdún lọ, Powell kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, pé kí ìjọba àpapọ̀ má ṣe fi kọ́bọ̀ ran ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ tí ó bá ń ya ènìyàn dúdú sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì di apá kan òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti 1964. Láti 1961 ni ó ti di alága ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní 1958, àwọn ìjòyè ẹgbẹ́ Dẹmókírátì, ẹgbẹ́ tirẹ̀, ní New York gbé Earl Brown dìde láti gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ó ti ti Eisenhower, ẹni tí ẹgbẹ́ Rìpọ́bílíkánì fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, lẹ́yìn ní 1956. Ó fi ẹ̀yìn Brown balẹ̀.

Ìyọnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1960, nígbà tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìbanijẹ́ sí obìnrin ará Harlem kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tí obìnrin náà pè é lẹ́jọ́, tí ó sì jàre rẹ̀. Powell kọ̀, kò san owó gbà-má-bínú. Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí a mú un. Ó sì wá di ẹni tí kì í wọ ẹkùn tirẹ̀ mọ́ àfi ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ tí òfin New York kò gbà kí a fi irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn. Ẹ̀sùn ìnákúnàá owó ìgbìmọ̀ tún gun orí èyí. Àwọn tí Ilé fúnra rẹ̀ yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dámọ̀ràn pé kí a gbà á wọlé, kí a sì bu owó ìtánràn lé e, ṣùgbọ́n etí ikún ni àwọn yòókù kọ sí i: ní ọjọ́ 1, oṣù kẹta, 1967, aṣojú 307 dìbò pé kí a tì í síta, 116 sì kọ̀.

Wọ́n pe ìdìbò mìíràn fún àga tí ó ṣófo ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin ọdún náà. Powell wà ní Bimini, erékùṣù kékeré kan ní Bahamas, kò wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ Rìpọ́bílíkánì fẹ́ fa James Meredith kalẹ̀, akọni tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu ní 1962 láti jẹ́ ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Mississippi. Kò pẹ́ tí ó fi yọwọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, nǹkan bí 86 nínú 100 ni Powell kó. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kì í ṣe pé àwọn ará Harlem fọ́jú sí àléébù rẹ̀; èrò tèmi ni pé wọn kò fẹ́ kí àjèjì bá wọn na ọmọ wọn, pàápàá nígbà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ funfun kan nínú Ilé náà ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tì wọ́n síta. Wọ́n tún yàn án ní 1968. Ilé gbà á wọlé ní 1969, wọ́n bu ìtánràn dọ́là 25,000 lé e, wọ́n sì gba ipò àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé Ilé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ẹni tí a dìbò yàn síta, bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 25, tí ó ti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún 7, tí ó sì ń gbé ìpínlẹ̀ tí ó yàn án.

Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ẹni tí aṣojú 307 kò lè lé kúrò, nǹkan bí ìbò 150 ni ó lé e nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Dẹmókírátì, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan ẹni tí yóò fà kalẹ̀, ní oṣù kẹfà 1970, nígbà tí ó ti sú àwọn ènìyàn rẹ̀ láti máa wá a tì. Ó kú ní ọjọ́ 4, oṣù kẹrin, 1972.

Charles Rangel ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, ọmọ bíbí Harlem, jagunjagun Kòríà tí ó fara gbọgbẹ́, agbẹjọ́rò. Ọdún 46 ni ó lò, láti 1971 sí 2017, lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì ń gba ju 90 lọ nínú 100 ìbò oṣù kọkànlá. Nọ́ńbà ẹkùn náà ń yí bí wọ́n ti ń tún ààlà fà lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá: 18, 19, 16, 15, 13; ẹni kan náà ni ó ń jókòó. Adam Clayton Powell kẹrin, ọmọ ẹni tí Rangel gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀, dìde sí i nínú ìdìbò abẹ́lé ní 1994 àti 2010, kò rí i mú. Kódà ní 2010, tí ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ wà lọ́rùn Rangel, tí Ilé sì fi ìbò 333 sí 79 bá a wí ní gbangba ní oṣù kejìlá, ẹkùn rẹ̀ ti tún un yàn ní oṣù kọkànlá.

Ohun tí ó mì ín ni ìyípadà àwọn olùgbé ibẹ̀. Ààlà tuntun ti 2012 na ẹkùn náà wọ Bronx, àwọn tí ń sọ èdè Spéènì sì pọ̀ níbẹ̀ ju àwọn ènìyàn dúdú lọ. Adriano Espaillat, tí a bí ní Dominican Republic, bá a du àga náà nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún náà. Ìbò tí Rangel fi borí kò pé 1,100. Wọ́n tún pàdé ní 2014, àgbà tún yege. Nígbà tí Rangel fẹ̀yìn tì ní 2016, Espaillat borí Keith Wright nínú ìdìbò abẹ́lé, ó sì wọlé ní oṣù kìn-ín-ní 2017. Rangel kú ní oṣù karùn-ún 2025.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Harlem àti Bronx, ẹ sọ fún wọn pé oṣù kẹfà, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Dẹmókírátì, ni a ń yan aṣojú níbẹ̀, kì í ṣe oṣù kọkànlá. Ìdìbò abẹ́lé New York kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ yí ẹgbẹ́ padà, kí ó ṣe é kí ọjọ́ 14, oṣù kejì tó kọjá.