Ìgbà Ooru ní Peckham: Ìwé Ìlàlóye fún Ìdílé Yorùbá nípa Ilé Ìkàwé àti Àpéjọ Ìlú

Láti ìparí oṣù Èbìbí títí oṣù Agẹmọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, oòrùn kì í wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Nígbà tí Agẹmọ bá sì ń lọ sópin, àwọn ilé ẹ̀kọ́ a ti ilẹ̀kùn wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ a wà nílé, ìyá a wà níbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, bàbá a wà lórí ìjókòó awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù a sì di alágbàtọ́. Nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí, àti nítorí ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mú wá láti bá wọn tọ́ ọmọ, tí àwọn ọmọ-ọmọ náà ti wá dàgbà tán, tó sì ń jókòó lójú fèrèsé láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ọ̀rọ̀ wa kò lọ́jú pọ̀: àwọn àpéjọ ìgbà ooru tó wà ní Peckham, pẹ̀lú ilé ìkàwé tó jẹ́ olórí wọn, ohun ìní yín ni. Owó orí ilé tí ẹ ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ Southwark wà nínú ohun tí a fi ń tọ́jú wọn, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà láti ọdún 1964 tó sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ilé ìkàwé tó péye fún aráàlú, tí kò sì gbà wọ́n láyè láti bu owó lé ẹni tó bá yá ìwé kà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba iwájú ilé náà kọjá lójoojúmọ́, tí iṣu àti ata rodo tí a rà ní Rye Lane kún àpò wa, tí ẹsẹ̀ wa kò sì kan inú rẹ̀ rí, nítorí a rò pé ti àwọn ọmọ ilé ìwé ni, tàbí ti àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wá lọ. A kì í gbé inú odò kí ọṣẹ ó hó sí ni lójú.

Ilé náà fúnra rẹ̀

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2000 ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé Peckham ní Peckham Hill Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede ìlú, níbi tí kò jìnnà rárá sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì. Will Alsop ni ayàwòrán ilé tó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọdún náà sì tó parí, ilé náà ti gba ẹ̀bùn Stirling, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Britain kà sí ọlá tó ga jù lọ. Bàbà aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bo ara rẹ̀. Òkè rẹ̀ yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì jókòó lórí àwọn òpó irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dàgẹ̀rẹ̀, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i a fẹ́ bèèrè bóyá ẹni tó kọ́ ọ ti mu ẹmu kó tó gun àkàbà. Kò mu ẹmu o. Ìbòòji tí òkè tó yọ síwájú náà ṣe sí ìsàlẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sá sí nígbà òjò àti nígbà oòrùn. Ẹ wọlé, ẹ bá ẹ̀rọ agbéniròkè gòkè, nítorí òkè ni gbọ̀ngàn ìwé wà, ẹni tí orúnkún ń dùn kò sì ní láti fi àtẹ̀gùn dá ara rẹ̀ lágara. Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí àwọn yàrá onígi róbótó tí wọ́n gbé dúró lórí ẹsẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, bí àká àgbàdo nínú oko bàbá wa. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò wọ́n tẹ́rùn kí ẹ tó pè wọ́n sídìí ìwé.

Gbígba káàdì kò la wàhálà lọ. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ nídìí tábìlì, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ fún un ní orúkọ àti àdírẹ́sì. Káàdì kan náà ni ẹ ó máa lò ní àwọn ilé ìkàwé Southwark yòókù. Bí èdè bá ń fa ìlọ́ra, ẹ mú ọmọ tàbí aládùúgbò dání, tàbí kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ní sọ ọ́. Etí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti mọ́ ohùn gbogbo ayé. Ẹ bèèrè ìwé ètò ìgbà ooru náà lọ́wọ́ wọn, nítorí ọjọ́ àti wákàtí orin àwọn ọmọ ọwọ́, ti ẹgbẹ́ akàwé àti ti ìrànlọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà a máa yí padà láti ọdún dé ọdún.

Nípa àwọn ọmọ

Láti ọdún 1999 ni ìpèníjà ìwé kíkà ìgbà ooru, tí àjọ The Reading Agency ń ṣètò, ti ń wáyé ní àwọn ilé ìkàwé Britain, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá. Ìwé mẹ́fà ni ọmọ sábà máa ń kà láàárín ìsinmi náà, èyíkéyìí tó bá wù ú, ìbáà jẹ́ ti àwàdà tàbí ti àwòrán. Bí ó ti ń ka ọ̀kan tán ni yóò máa wá sọ fún òṣìṣẹ́ ohun tó kà, yóò sì gba ẹ̀bùn kékeré, títí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó di dandan kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí oṣù Owéwe bá dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kà á wọ kíláàsì tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa náà ní iṣẹ́ ńlá nínú èyí: kí ó ní kí ọmọ ka ojú ewé kan sókè, lẹ́yìn náà kí ó ní kó fi Yorùbá ròyìn ohun tó kà. Ọmọ á ka ìwé, á sì mọ èdè, ìyá náà á sì gbọ́ ìtàn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

A mọ̀ pé ẹ̀rù wà lọ́kàn àwọn òbí kan, a kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 27 oṣù Bélú ọdún 2000, Damilọla Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ tí ó dé láti Èkó, kúrò ní ilé ìkàwé yìí, níbi tó ti lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò délé. Wọ́n gún un lọ́gbẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà nù títí ó fi kú. Gbogbo ìlú ló sọkún rẹ̀. Ibi rere ni ọmọ náà ti ń bọ̀, ẹ̀bi kò sì sí lára ilé tó gbà á ní àlejò. Ojú ọ̀nà ni ó ṣófo. Nítorí náà, kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ilé kan náà fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí àgbà kan máa mú gbogbo àwọn ọmọ lọ, kí òmíràn máa mú wọn bọ̀, kí a má sì fi ọmọ kékeré sílẹ̀ níbẹ̀ kí a lọ sí ọjà.

Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kì í dúró, tí ìjókòó kì í rọ̀ lọ́rùn, ẹ mú wọn lọ sí Theatre Peckham, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 láti kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní eré orí ìtàgé. Ibẹ̀ ni John Boyega, ọmọ Peckham tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, ti kọ́ eré ní kékeré kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè iye owó rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Kí ni dókítà ń wá nínú ọ̀rọ̀ àríyá?

Bí ẹnìkan bá bi wá pé kí ló kan àpéjọ pẹ̀lú ìlera, Peckham fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn. Ní ọdún 1926, dókítà méjì, George Scott Williamson àti Innes Pearse, ṣí ilé kan ní Queen's Road, ohun tí wọ́n sì ń wá kiri ni ohun tí ń mú kí ara ènìyàn le, nígbà tí àwọn dókítà yòókù ń wá ohun tí ń mú un ṣàìsàn. Ní 1935 wọ́n kó lọ sí ilé tuntun onígíláàsì tí Owen Williams kọ́ ní St Mary's Road: odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà láàárín gbùngbùn rẹ̀, gbọ̀ngàn ijó àti eré ìdárayá wà níbẹ̀, gíláàsì tó pín yàrá sí yàrá kò sì jẹ́ kí ayọ̀ ẹnìkan pamọ́ fún ẹnìkejì. Ṣílè kan ni ìdílé ń san lọ́sẹ̀. Wọ́n á gba àyẹ̀wò ara lóòrèkóòrè, lẹ́yìn náà oníkálukú á ṣe ohun tó bá wù ú, láìsí ẹni tó ń pàṣẹ. Àwọn dókítà náà rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní àìlera kan lára tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó jókòó tó ń wo àwọn ẹlòmíràn tí ń lúwẹ̀ẹ́, tí ń jó, kò ní pẹ́ kí òun náà tó dìde. Nígbà tí ètò ìlera ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 kò rí àyè kan fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n tì í ní 1950. Àwọn ènìyàn ń gbé inú ilé náà dòní. Ní Queen's Road kan náà, ní ojúlé 164, ẹ ó rí àmì aláwọ̀ búlúù tó ń sọ nípa Harold Moody, dókítà adúláwọ̀ ọmọ Jamaica tó wo àwọn aláìsàn Peckham sàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì dá ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní 1931 láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní àpéjọ. Nígbà tí Yunifásítì Roehampton ṣe ìwádìí ní 2013, 240 ìjọ tí adúláwọ̀ pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n kà ní Southwark nìkan, àwọn gbọ̀ngàn ayẹyẹ kò sì sí nínú ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rí kìkì àwọn tó wọ aṣọ ẹbí kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì mọ àdúgbò rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kò sì yá mọ́ láti lọ sí òde àríyá, ta ni yóò wá a wá? Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà.

Káàkiri ìlú

Bọ́ọ̀sì 12 yóò gbé yín dé Peckham Rye. Ní nǹkan bí ọdún 1765 ni ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ William Blake rìn dé pápá yìí, tó gbójú sókè, tó sì rí igi kan tí àwọn áńgẹ́lì kún gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ó délé, ó ròyìn rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ nà án pé ó ń purọ́. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọmọ náà dàgbà di akéwì àti ayàwòrán tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn. Ẹni tó bá mọ ìtàn Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọbìnrin tó rí áńgẹ́lì ní Èkó ní oṣù Òkúdù ọdún 1925, tí Mose Orímọládé sì wá gbàdúrà fún, tí ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù fi ti ibẹ̀ ṣẹ̀, kò ní ka ọ̀rọ̀ Blake sí àjèjì rárá. Ẹ mú ẹní, omi àti oúnjẹ dání lọ sí ọgbà tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1894, ẹ sì ka àkọlé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó dá iná ẹran sísun.

Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà ní ìgbà ooru lórí òkè ilé ìgbọ́kọ̀sí tó wà nídìí Rye Lane, orúkọ àjọ náà ni Bold Tendencies. Ibẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ olórin Multi-Story ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tí ariwo ọkọ̀ ojú irin ń bá fèrè àti gòjé wọn mu. Wíwo iṣẹ́ ọnà kò gba owó, ṣùgbọ́n àwọn eré orin kan ń fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. South London Gallery tó wà ní Peckham Road láti 1891 kò gba owó ìwọlé pẹ̀lú.

Ní oṣù Èbìbí, ìlú a máa péjọ sí itẹ́ òkú Nunhead, tí wọ́n ṣí ní 1840. A mọ̀ pé Yorùbá kì í lọ ṣe fàájì níbi tí òkú sùn sí, a kò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni; ṣùgbọ́n igbó ńlá ni ibẹ̀ ti dà, ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀, a sì lè ti orí òkè rẹ̀ wo ilé ìjọsìn St Paul's lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ó bá ṣòro fún yín, ẹ kọjá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Horniman ní Forest Hill, èyí tó fi ẹ̀tọ́ ohun ìní 72 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin ní 1897 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 2022. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé àti ọgbà rẹ̀.

Ìtọ́jú ara nínú ooru

Ẹ má sọ pé ẹni tó ti Ìbàdàn wá kò lè bẹ̀rù ooru Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí a kọ́ láti pa ooru mọ́ ni a ń gbé níhìn-ín, àti ní 19 oṣù Agẹmọ ọdún 2022, ooru kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ yìí. Kí àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ó sì lọ jókòó níbi tó tutù láàárín ọ̀sán. Àwọ̀ dúdú wa kì í tètè gba fítámì D láti inú oòrùn tí kò pọ̀ tó ti ilé, ìdí nìyẹn tí ètò ìlera ìjọba (NHS) fi gba àwọn ọmọ Áfíríkà níyànjú láti ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, yípo ọdún. Ẹ bá apòògùn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn.

Àwọn àgbà náà ní ohun tí wọ́n lè fún ilé ìkàwé: ìyá àgbà tó mọ àlọ́ ìjàpá, bàbá àgbà tó mọ oríkì orílẹ̀, tó sì lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé, kí ó lọ sọ fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé pé òun fẹ́ fi wákàtí kan ta ìlú lọ́rẹ. Kí ó mú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dání, kí ó sì lọ ní òwúrọ̀ àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀ nídìí tábìlì.