Ṣé gáàsì wà lábẹ́ ilẹ̀ Adja-Ouèrè?

Ní Onigbolo, tí kò jìnnà sí Adja-Ouèrè ní Bẹ̀nẹ̀, òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yẹn ti dì, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí omi ṣì bo gbogbo agbègbè náà. Irú rẹ̀ ló wà ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òun náà ló sì wà ní Tabligbo ní Tógò. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pe ibùsùn àpáta yìí, tó na láti ìlà oòrùn Gánà dé gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ní Dahomey Basin.

Ibi tí òkun ti wà rí, tí ẹrẹ̀ ti bo òkú ewéko àti ẹ̀dá inú omi mọ́lẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń wá epo àti gáàsì lọ. Nítorí náà, kò burú bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá gáàsì wà lábẹ́ oko ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́ wa.

Èrò tèmi ni pé kò dájú pé èyí tó tó tà wà níbẹ̀. Kí òkú ewéko tó di gáàsì, ó sábà máa ń rì tó kìlómítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí ooru ilẹ̀ ti ju ti omi híhó lọ. Àpáta Dahomey Basin sì ń fẹ́lẹ́ sí i bí a bá ṣe ń fi òkun sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà Kétu. Inú òkun ló ti nípọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí epo Sèmè, lápá ti Bẹ̀nẹ̀, ní 1968, tí wọ́n fà láti 1982 títí di 1998. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí epo àti gáàsì Aje, lápá ti Nàìjíríà, ní 1996.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ohun tí ojú kò rí? Ẹ wo oníṣòwò gàrí tó fẹ́ ra oko ẹ̀gẹ́ lódindi kí wọ́n tó fà á. Á rìn yí oko náà ká, á ní kí wọ́n fa ìdí mélòó kan létí oko, kí wọ́n tún fa díẹ̀ láàárín, kó tó dá iye lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ gáàsì ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ rán ìró wọ inú ilẹ̀. Ìró náà á kọ lu àpáta, á padà wá, kọ̀ǹpútà á sì fi ya àwòrán ohun tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ kànga. Kànga ló ń sọ bí àpáta náà ṣe nípọn tó, bí ihò tín-ín-tín inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, iye omi tó bá gáàsì pín ihò náà, àti bí gáàsì ọ̀hún ṣe fún mọ́ra tó.

Iye tí wọ́n á bá jáde kì í jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tó kéré wà, tó dájú ní ìdá 90 nínú 100. Èyí tó wà láàárín wà. Èyí tó pọ̀ jù náà wà, tí ìrètí rẹ̀ kò ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Ìlànà iṣẹ́ náà sì le: gáàsì tí wọ́n lè fà jáde kí wọ́n sì tà lérè nìkan ni wọ́n gbà kí ilé iṣẹ́ kà mọ́ ohun ìní rẹ̀.

Iye náà sì lè ṣubú. Ní 2011, àjọ EIA ti Amẹ́ríkà sọ pé gáàsì inú àpáta Poland tó 187 tirílíọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́ta, ìyẹn àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Poland fúnra wọn tún un wò ní 2012, ohun tí wọ́n rí kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà.

Ní ti Nàìjíríà, àìsí gáàsì kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Àjọ NUPRC, tó ń bójú tó wíwa epo àti gáàsì níbẹ̀, kéde 210.54 tirílíọ̀nù ẹsẹ̀ bàtà oníhà mẹ́ta fún oṣù kìíní ọdún 2025, kò sì sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé ọ̀dọ̀ àwa aládùúgbò rẹ̀? Òpó gáàsì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó gùn ní kìlómítà 678, bẹ̀rẹ̀ láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba Àgbádárìgì wọ òkun, ó sì yà sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi bà á jẹ́ létí òkun Tógò, gáàsì sì dá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òpó yìí ni ilé iṣẹ́ iná Maria Gléta ní Bẹ̀nẹ̀, tó lè mú mẹ́gáwáàtì 127 jáde, gbójú lé láti 2019. Wáyà iná tó ti Ìkẹjà dé Sakété láti 2007 náà ń gbé gáàsì Nàìjíríà wá, torí pé gáàsì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná Nàìjíríà ń jó. Sakété ò jìnnà sí Adja-Ouèrè rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ní kedere: gáàsì inú òpó yàtọ̀ sí èyí tí a ń rà nínú àgbá fi dáná. Methane ni ti inú òpó. Butane àti propane ni ti inú àgbá. Obìnrin tó ń fi igi se epo pupa ní Ikpinlè, ní agbègbè Adja-Ouèrè, kò ní rí àǹfààní kankan jẹ lára òpó Kútọnu, àfi bí iná mànàmáná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní owó tí agbára rẹ̀ ká.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kì í ṣe abẹ́ oko wa ló yẹ kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti máa wá gáàsì. Aje ló yẹ kí wọ́n wò: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo rẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n gáàsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, gáàsì ọ̀hún ṣì ń retí òpó tí yóò gbé e, bẹ́ẹ̀ òpó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kọjá nítòsí rẹ̀. Kí Kútọnu àti Àbújá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó rẹ̀ àti ẹni tí yóò rà á.