Àyẹ̀wò Kan Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Pé

Ẹ̀yin aboyún Èkó-Ende, Ìkirun àti Òkukù, kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, Group B strep ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú aboyún 5, ó lè wà lára ẹnì 1. Kì í sábà ni ìyá lára, kò sì mú ìtìjú wá. Ṣùgbọ́n nígbà ìrọbí, ó lè ran ọmọ; díẹ̀ nínú wọn ni ó ń ṣe, àmọ́ ó lè pa wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, gbogbo aboyún ni wọ́n ń yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 36 sí 37. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín.

Bí wọ́n bá rí i, abẹ́rẹ́ penisilíìnì nígbà ìrọbí ni ìtọ́jú rẹ̀, ó kéré tán wákàtí 4 kí ọmọ tó dé. Oògùn tí a lò ṣáájú kò tó, nítorí kòkòrò náà a máa padà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbi tí n ó bímọ sí, ta ni yóò fún mi ní abẹ́rẹ́ náà?

Yálà ẹ ṣe àyẹ̀wò tàbí ẹ kò ṣe é, bí ọmọ tuntun kò bá mu ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó tutù, tàbí tí èémí rẹ̀ le, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.