Dátà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ló dé tí ohùn ń já? Ọ̀rọ̀ agbọ̀n inú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn ló mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ìyá jókòó sí pálọ̀, ó ń bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní London sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ohùn ń dún ketekete. Àfi bí ọmọ kejì ṣe tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní yàrá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ìnáwó tí wọ́n ṣe lópin ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sórí ìntánẹ́ẹ̀tì. Kíá, ohùn ti ń já. Ìyá á ní, "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ìdáhùn á dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, nígbà tí ìyá ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tún ṣe tiẹ̀. Wọ́n á ra dátà sí i. Dátà tuntun náà kò ní yí ohunkóhun padà.

Òótọ́ ni pé ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn ìntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, ìyẹn WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, títí kan Nàìjíríà níbí ni iṣẹ́ báńkì àti tàwọn iléeṣẹ́ ńlá ti falẹ̀. Ìyẹn hàn sí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá tó wà ní pálọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkun rárá. Inú ilé ni ìdúró ti bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì, níbi tí pákẹ́ẹ̀tì ti tò sẹ́yìn ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó ń lọ lórí ìntánẹ́ẹ̀tì, ohùn ni o, fídíò ni o, owó tí èèyàn fi ránṣẹ́ ni o, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé e sí. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ pákẹ́ẹ̀tì. Nínú kọ̀ǹpútà, fóònù àti ẹ̀rọ Wáìfáì, nǹkan kékeré kan wà tó ń gba pákẹ́ẹ̀tì wọlé, tó sì ń tì í jáde: káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Káàdì yìí kò lè dá ṣe ohunkóhun. Ètò kan wà tó ń darí rẹ̀, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní driver. Dẹ́rẹ́bà tí gbogbo wa mọ̀ náà ni, àmọ́ dẹ́rẹ́bà yìí kò ní ọkọ̀. Agbọ̀n ló ń tò.

Ẹni tó bá ti dé Sàbó ní Ṣágámù, níbi tí wọ́n ti ń di obì gbànja lọ sí òkè Ọya, á tètè mọ ohun tí agbọ̀n ń ṣe níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan ń já obì sílẹ̀ láìdúró. Alárù tó ń já a kò ráyè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá ti rí agbọ̀n òfìfo ló ń da obì sí. Nítorí náà, oníṣòwò ti to agbọ̀n yípo bí òrùka sílẹ̀ dè é. Alárù á kún èkíní, á kún èkejì, tó bá dé ìkẹyìn á tún padà sí èkíní. Ọmọ iṣẹ́ oníṣòwò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń gbé èyí tó kún kúrò, ó ń fi òfìfo rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá yára, ariwo kò sí. Bó bá lọ jẹun, alárù á bá agbọ̀n tó ṣì kún, obì á sì dà sílẹ̀.

Alárù yẹn ni káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọ iṣẹ́ ni dẹ́rẹ́bà. Agbọ̀n ni àyè tí dẹ́rẹ́bà ti yà sọ́tọ̀ nínú iranti kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní buffer. Agbọ̀n kan sábà máa ń gba báìtì 2,048, torí pé ẹrù inú pákẹ́ẹ̀tì kan lórí wáyà tí a ń lò káàkiri kì í ju báìtì 1,500 lọ. Lórí Linux, ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà káàdì Intel máa ń to agbọ̀n 256 yípo láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sì lè gbé e dé 4,096.

Ìkángun rẹ̀ wà lórí ta ló ni agbọ̀n ní àsìkò wo. Káàdì máa ń kọ nǹkan sínú iranti fúnra rẹ̀, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àmì kan gbọ́dọ̀ wà lára agbọ̀n kọ̀ọ̀kan: ti káàdì ni, tàbí ti dẹ́rẹ́bà ni. Bí dẹ́rẹ́bà bá ṣèèṣì dá agbọ̀n padà fún káàdì nígbà tí ẹlòmíì ṣì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun á bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kú fin-ín lórí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè má kú pàápàá, kó kàn máa gbé ọ̀rọ̀ ẹni kan fún ẹlòmíì, èyí sì burú jù.

Ibì kan tún wà tí ọgbọ́n dẹ́rẹ́bà ti hàn. Bí agbọ̀n bá kún, tí dẹ́rẹ́bà wá agbọ̀n òfìfo tuntun tì nítorí pé iranti kọ̀ǹpútà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ló yẹ kó ṣe? Ẹni tí kò ronú á gbé èyí tó kún lọ, á fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, agbọ̀n á tán nínú òrùka, káàdì á dúró gbagidi. Ohun tí dẹ́rẹ́bà tó dára ń ṣe ni pé á da obì inú agbọ̀n yẹn nù, á sì dá agbọ̀n kan náà padà sáàyè rẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì kan ṣòfò o, àmọ́ ọjà ń lọ. Ẹni tó fi pákẹ́ẹ̀tì yẹn ránṣẹ́ sábà máa ń tún un fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ agogo náà wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, gbogbo ìgbà tí pákẹ́ẹ̀tì kan bá dé ni káàdì ń lu agogo fún kọ̀ǹpútà pé, "Ó dé o!" Kọ̀ǹpútà á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré wá. Nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì kò pọ̀, kò burú. Nígbà tí wọ́n bá ń dé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, agogo nìkan ni kọ̀ǹpútà á máa dáhùn, kò ní ráyè ṣe iṣẹ́ tí pákẹ́ẹ̀tì bá wá. Jeffrey Mogul àti K. K. Ramakrishnan ṣàlàyé ìṣòro yìí àti àtúnṣe rẹ̀ lọ́dún 1996. Irú ọgbọ́n yẹn ni dẹ́rẹ́bà orí Linux ń lò báyìí: agogo á dún lẹ́ẹ̀kan, dẹ́rẹ́bà á pa á lẹ́nu mọ́, á wá máa kó agbọ̀n, nǹkan bíi 64 lẹ́ẹ̀kan, kó tó fún àwọn tó kù láyè. Ìgbà tí kò bá sí pákẹ́ẹ̀tì mọ́ ló máa tó ṣí ẹnu agogo padà.

Ẹ wá wo ìṣirò. Lórí wáyà tó ń gbé gígábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbọ̀n 256 lè kún fún pákẹ́ẹ̀tì ńlá láàárín ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Èèyàn kò tíì ṣẹ́jú tán. Ìdí nìyí tí obì fi lè dà sílẹ̀ ní ibùdó ìdánwò tí gbogbo kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n jọ ń kanlẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo. Ní irú ibẹ̀, fífi kún agbọ̀n bọ́gbọ́n mu. Àwọn tó ń mójútó kọ̀ǹpútà Linux ní iléèwé tàbí ilé ìwòsàn lè fi àṣẹ ethtool -g wo iye agbọ̀n, kí wọ́n fi ethtool -S wo iye pákẹ́ẹ̀tì tó ti dà nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà nìyí. Wọ́n ní bí agbọ̀n púpọ̀ bá dára fún pákẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé, ó gbọ́dọ̀ dára fún èyí tó ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ Wáìfáì inú ilé ìyá yẹn lè máa fi mégábíìtì 1 péré ránṣẹ́ síta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà ọmọ ń da fídíò sí i lára ní ìlọ́po-ìlọ́po iye yẹn. Pákẹ́ẹ̀tì báìtì 1,500 kan jẹ́ bíìtì 12,000. Yóò gbà á ní ìdá 12 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó jáde. Bí agbọ̀n 256 bá ti kún fún fídíò, ohùn ìyá tó dé lẹ́yìn wọn máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta gbáko. Bí agbọ̀n bá jẹ́ 1,000, ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni. Òrùka kan náà tó jẹ́ ìṣẹ́jú kan lójú lórí wáyà tó yára ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n lórí wáyà tó lọ́ra. Ó dà bí ọlọ́kadà tó há sẹ́yìn tírélà 256 ní oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ti pàdé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọlọ́kadà gidi á wá kọ̀rọ̀ gbà. Pákẹ́ẹ̀tì kò lè gba kọ̀rọ̀. Ohun tó bá ti wọ inú agbọ̀n káàdì, bó ṣe wọlé ló máa jáde, kò sẹ́ni tó lè fà á síwájú.

Ó tún ku kókó kan. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 1986, ìntánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú ní California: láàárín iléeṣẹ́ ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California ní Berkeley, tí wọn ò jìnnà síra, ìyára já láti 32,000 bíìtì sí 40 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Van Jacobson wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i, ó sì gbé àlàyé rẹ̀ jáde lọ́dún 1988. Ohun tó sọ ni pé bí pákẹ́ẹ̀tì bá sọnù, kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀nà ti kún, kó rọra. Ọgbọ́n yẹn ni púpọ̀ nínú ìntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò dòní. Àmọ́ bí agbọ̀n bá pọ̀ jù, nǹkan kan kì í sọnù. Kọ̀ǹpútà ọmọ kò rí àmì kankan pé ọ̀nà ti dí, á túbọ̀ máa da fídíò sí i. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọn ò jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì kankan ṣòfò. Àánú ọ̀hún ló ń já ohùn ìyá.

Ọdún 2010 ni Jim Gettys, ògbóǹtagí oníkọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, rí i nínú ilé tirẹ̀ pé bí òun bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ohun yòókù máa ń dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ó wádìí rẹ̀, ó sì fún un lórúkọ: bufferbloat, ìyẹn agbọ̀n tó wú ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 2012, àtúnṣe méjì dé. Tom Herbert, tó ń ṣiṣẹ́ ní Google nígbà náà, kọ ètò kan sínú Linux 3.3 tó ń wọn bí káàdì ṣe ń yára tó, tí kò sì jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà gbà ju ìwọ̀nba báìtì tí káàdì lè lò. Ìyókù á dúró sókè, lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ṣì ti lè ṣètò wọn. Lọ́dún kan náà, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé CoDel jáde, tó wọ inú Linux 3.5. CoDel kì í ka iye pákẹ́ẹ̀tì tó tò. Àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lò lórí ìlà ló ń wò. Bí ìdúró náà bá ju ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, tí kò sì rọlẹ̀ títí di ìdá 100, á bẹ̀rẹ̀ sí í da díẹ̀ nù, kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lè rọra. Èyí tí wọ́n ń pè ní fq_codel tún pín ìlà: fídíò lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, kálukú sì ń gba tirẹ̀ ní ìtẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ Wáìfáì tí kò ní irú ètò yìí nínú ṣì pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tiẹ̀ ṣe rí kò nílò oníṣẹ́ kankan. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, kó ṣí Command Prompt, kó tẹ ping 8.8.8.8 -t, kó wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà time. Lẹ́yìn náà, kó ní kí ẹlòmíì nínú ilé máa fi fídíò ńlá ránṣẹ́. Bí nọ́ńbà tó wà ní nǹkan bí 60 bá fò lọ sí 2,000 tàbí 3,000, tó sì tún wálẹ̀ bí fídíò ṣe parí, ìlà tó gùn nínú agbọ̀n ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, kì í ṣe dátà tó tán. Bí nọ́ńbà bá ti ga kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìta ilé ni ìṣòro wà, ẹ pe àwọn tó ń tà á fún yín. Fún ìlà tó gùn, ẹ bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ Wáìfáì bóyá èyí tó ní SQM tàbí fq_codel nínú wà lọ́jà rẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n dín ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé fídíò lọ sókè kù, tàbí kí fídíò ìnáwó dúró di òru, nígbà tí ìyá bá ti sùn.