Ewéko fún Ẹja Discus Nínú Omi Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ẹja discus, èyí tó rí pẹlẹbẹ tó sì rí roboto, wá láti inú àwọn odò agbègbè Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nítorí náà àwọn tó ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì sábà máa ń jẹ́ kí ooru omi rẹ̀ wà láàárín 28 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yìí ni ìṣòro, torí pé ọ̀pọ̀ ewéko inú omi ló fẹ́ràn omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ewé wọn yóò sì máa jẹrà díẹ̀díẹ̀.

Ó yani lẹ́nu díẹ̀ pé èyí tó rọrùn jù fún ẹja Amazon yìí ni Anubias barteri, ewéko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń hù létí odò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ewé rẹ̀ nípọn, kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tó nà gbọọrọ bí atalẹ̀ kò gbọdọ̀ wọnú iyanrìn, kí ó má baà rà. Òwú ni a fi ń so ó mọ́ igi tàbí òkúta títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi dì í mú. Echinodorus, ewéko inú omi mìíràn, ní tirẹ̀ ń fi gbòǹgbò fa oúnjẹ, ó sì ń fẹ́ iyanrìn tó jinlẹ̀ àti ajílẹ̀.

Omi tó gbóná kì í gba ọ́síjìn, ìyẹn atẹ́gùn tí ẹja ń mí, púpọ̀ dúró, àwọn ewéko pàápàá a sì máa lò nínú rẹ̀ lóru. Kí olùsìn ẹja má ṣe pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi nígbà tó bá ń lọ sùn.